Àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ajá mi tó ń ṣu gbuuru

Ẹ kú ilé o, èmi tí mo bèèrè níjọ́sí pé kí ni mo lè máa fún ajá mi dípò bisikíìtì àti àjẹkù ọbẹ̀ tó ń jẹ tó fi ń ṣu gbuuru tó tún ń họra, mo ní kí n wá jábọ̀. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni ti ẹni tó ní kí n máa dá oúnjẹ tiẹ̀ sè lọ́tọ̀, ráìsì, adìyẹ tí mo ti yọ gbogbo eegun ẹ̀, ànàmọ́ díẹ̀, kò síyọ̀, kò sí Maggi, kò sí àlùbọ́sà rárá torí àlùbọ́sà àti áyù máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ìgbẹ́ ẹ̀ ti ki dáadáa báyìí. Fún ìpanu, ẹ̀dọ̀ adìyẹ tí mo bọ̀, tí mo gé wẹ́wẹ́, tí mo wá yan gbẹ ló fẹ́ràn jù, tó bá ti gbọ́ òórùn ẹ̀ báyìí ó ti dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, àmọ́ ìwọ̀nba ni mo ń fún un torí fítámì A pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Kárọ́ọ̀tì tútù ò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ sí i, ṣe ló ń tu ú dànù, àfi tí mo bá sè é mọ́ ráìsì. Híhọra yẹn ló kù, ó ti dín kù ṣùgbọ́n etí ṣì ń yún un, dókítà ẹran ní ká yọ adìyẹ kúrò ká fi ẹja dán an wò, ìyẹn la ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹ ṣé gan-an.