Báwo ni Joanna Lumley ṣe di ọmọ àwọn sójà Gurkha?

Ìyá Ẹniọlá (Plumstead, London) béèrè:

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi tú. Ní àdúgbò wa níbí, àwọn ará Nepal pọ̀ láàárín wa, aládùúgbò rere sì ni wọ́n. Bàbá àgbàlagbà kan wà nílé kejì sí tiwa, sójà Gurkha ni wọ́n nígbà èwe wọn, ìyẹn ọmọ Nepal tó ń jagun fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo bu ìrẹsì àti adìẹ díndín lọ fún wọn nítorí pé ara ìyàwó wọn kò yá. Lára ògiri pálọ̀ wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán àwọn òrìṣà wọn tí wọ́n fi òdòdó kọ́ lọ́rùn, mo rí fọ́tò obìnrin òyìnbó kan tí wọ́n gé láti inú ìwé ìròyìn, tí etí bébà náà ti pọ́n. Joanna Lumley ni. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, eré tí ó ti ń ṣe Patsy, obìnrin ọlọ́tí tí kì í jẹun, ni àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń wò. Nígbà tí mo béèrè ìdí tí fọ́tò rẹ̀ fi wà níbẹ̀, bàbá pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà, wọ́n ní, "Ọmọ wa ni." Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì fẹ́ fi ìbéèrè dà wọ́n láàmú.

Ta ni obìnrin yìí gan-an? Kí ni ó ṣe fún wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwòrán rẹ̀ fi wà níbi tí òrìṣà wà? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, àbí orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n yá lò? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àjọkẹ́ Eléré dáhùn:

Ìyá Ẹniọlá, ẹ kú ìtọ́jú aládùúgbò. Ìtàn obìnrin náà ti wà kí Patsy tó dé. Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1946 ni wọ́n bí i ní Srinagar, ní Kashmir, nígbà tí Íńdíà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀, James Lumley, jẹ́ ọ̀gá sójà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gurkha kẹfà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ẹ béèrè ti ṣẹ̀ wá. Ibi tí iṣẹ́ ogun bá gbé bàbá lọ ni ẹbí ń bá a lọ, Hong Kong àti Malaya sì ni ọmọ náà ti ṣe kékeré, kí wọ́n tó fi í sí ilé ìwé tí ọmọ ń gbé ní Kent nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó lọ ṣe ìdánwò ní RADA, ilé ẹ̀kọ́ tíátà tí ó lórúkọ jù ní London, wọn kò sì gbà á. Ó wá di ẹni tí ń wọ aṣọ fún àwọn ayàwòrán oge. Ní ọdún 1967 ó bí ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo láìṣe ìgbéyàwó, ní àkókò tí ojú tí wọ́n fi ń wo irú ìyá bẹ́ẹ̀ nílùú yìí kò dára rárá, ó sì ń ti ipa kékeré bọ́ sí òmíràn láti fi bọ́ ọmọ. Ọ̀kan lára àwọn ipa náà wà nínú sinimá James Bond ti ọdún 1969. Ọdún 1976 ni ilẹ̀kùn ṣí, nígbà tí ó di Purdey nínú eré tẹlifíṣọ̀n *The New Avengers*, tí àwọn obìnrin káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń lọ gé irun wọn bíi tirẹ̀. *Sapphire & Steel* tẹ̀ lé e láti 1979 sí 1982. Lẹ́yìn náà ni *Absolutely Fabulous* tí Jennifer Saunders kọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992, níbi tí ó ti ṣe Patsy tí ẹ sọ yẹn.

Èmi tí mo ti ṣe tíátà díẹ̀ rí, Patsy yìí ni mo fi ń mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti jinlẹ̀ tó. Obìnrin tí ẹwà rẹ̀ ti ń bọ́ ọ láti ọ̀dọ́, tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òrí, gbé ẹwà yẹn jù sílẹ̀ lẹ́ni tó ti lé lógójì ọdún, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, ó ń ká ètè, ó jẹ́ kí ojú òun burú níwájú gbogbo ayé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni BAFTA, àjọ sinimá àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún un ní àmì ẹ̀yẹ lórí ipa náà, wọ́n sì fún un ní Fellowship, oyè wọn tó ga jù, ní ọdún 2017. Oyè Dame dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, fún iṣẹ́ eré àti iṣẹ́ àánú pa pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ Gurkha, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi.

Akọ̀wé Àgbà dáhùn:

Mo gbà á. Láti ọdún 1815 ni àwọn ọmọ Nepal ti ń jà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Hong Kong padà sọ́wọ́ Ṣáínà ní ọdún 1997, orílé-iṣẹ́ wọn kó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2004 ni ìjọba wá kéde pé Gurkha tó bá fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1997 lè máa gbé níbí. Àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ṣáájú ọjọ́ yẹn, tí iye wọn tó 36,000, kò bá a rìn. Ogun kan náà, ìbọn kan náà, ọ̀gá kan náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ló pín wọn sí ẹni tó ní ilé àti ẹni tí kò ní.

Olóṣèlú kan ní Folkestone, Peter Carroll, àti agbẹjọ́rò Martin Howe ti ń bá ọ̀rọ̀ náà fà á kí Lumley tó dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 2008. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga dájọ́ pé ìlànà ìjọba kò bófin mu. Ní oṣù Kọkànlá, Lumley ṣáájú àwọn àgbà sójà náà lọ sí ilé olórí ìjọba pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ tí 250,000 ènìyàn fọwọ́ sí. Nígbà tí ìlànà tuntun jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2009, ó le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń jà fún wọn fi sọ pé bóyá ni ọgọ́rùn-ún ènìyàn yóò lè bá a dé. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29, ẹgbẹ́ Liberal Democrats gbé àbá kalẹ̀ nílé aṣòfin pé kí wọ́n fún gbogbo wọn ní ẹ̀tọ́ kan náà, ìbò 267 sì borí 246. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìjọba pàápàá wà lára àwọn tó kẹ̀yìn sí ìjọba lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá, ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí mo fi ojú mi rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni mo fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè yín lórí orúkọ yíyá. Ní oṣù Karùn-ún, olórí ìjọba Gordon Brown rí Lumley, ó sì fi í lọ́kàn balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà dé ọwọ́ àwọn Gurkha kan pé wọn kò rí àyè gbà. Lumley wà ní yàrá ìròyìn BBC ní Westminster nígbà náà, ó gbọ́ pé Phil Woolas, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, wà nínú ilé kan náà, ó sì wá a kàn, tí àwọn oníkámẹ́rà ń sáré tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí àwọn méjèèjì fi dúró níwájú àwọn oníròyìn, Lumley ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn ń ka ohun tí wọ́n ti fẹnu kò sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń yíjú sí mínísítà kí ó lè fọwọ́ sí i lójú gbogbo ayé. Ẹni tí wọ́n yá orúkọ rẹ̀ lò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ìwé náà láti orí dé ìsàlẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé Jacqui Smith kéde pé Gurkha tó bá ti sìn fún ọdún mẹ́rin ó kéré tán ṣáájú 1997 lè wá gbé níbí.

Ọmọ Sójà Bọ́mà dáhùn:

Ẹ ṣé o, Akọ̀wé. Ohun kan wà tí àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ fò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 1944, ní Mogaung ní ilẹ̀ Bọ́mà, Gurkha kan tí ń jẹ́ Tul Bahadur Pun, ọmọ ẹgbẹ́ kẹfà tí bàbá Lumley wà, rí i pé ìbọn ti dá gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà dúbúlẹ̀. Òun nìkan gbé ìbọn ńlá wọn, ó ń yin ín láti ìbàdí, ó ń sáré nínú ẹrẹ̀ tó mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ ogun Japan nínú ilé tí wọ́n fi ṣe odi, ó sì gbà á. Wọ́n fún un ní Victoria Cross, oyè akọni tí kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó darúgbó, tí ara rẹ̀ kò le mọ́, tí ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wá gbàtọ́jú níbí, wọ́n kọ́kọ́ dá a lóhùn pé kò fi hàn pé òun ní ìbátan tó jinlẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn yẹn ló gún Lumley lọ́kàn, nítorí pé ọmọ inú ilé kan náà ni wọ́n.

Ìyẹn ni ogun tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hítílà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú ọ̀wọ́ Chindit, àwọn tó ń wọ ẹ̀yìn ọ̀tá lọ jà, tí Pun wà ní ọdún yẹn, àwọn mìíràn sì wà ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà kan náà pẹ̀lú ọ̀wọ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Isaac Fadoyebo ti Emùré-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ìbọn bà á níbẹ̀, tí àwọn ará abúlé kan fi í pa mọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Bàbá bàbá mi náà lọ, wọ́n sì bọ̀ pẹ̀lú etí kan tí kò gbọ́ràn mọ́. Kò sí òṣèré kankan tó gba ẹjọ́ tiwọn rò.

Igbe ogun àwọn Gurkha ni "Ayo Gorkhali!", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn Gurkha ti dé. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu Lumley láàárín àwọn arúgbó onífìlà wọ̀nyẹn, tí ó na ọwọ́ sókè, etí Yorùbá mi gbọ́ "ayọ̀".

Ọmọ Abẹ́òkúta dáhùn:

Mo fẹ́ràn obìnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ apá tó ṣẹ́kù. Ẹ̀tọ́ láti gbé níbí ni wọ́n rí gbà. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn tó ti kúrò ṣáájú 1997 ṣì kéré gan-an sí ti sójà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jọ sìn. Àwọn arúgbó kan dé Aldershot, ìlú àwọn sójà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú òtútù, láìgbọ́ èdè, pẹ̀lú owó tí kò tó ilé gbé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àwọn kan fi ebi pa ara wọn fún ọjọ́ 13 níwájú ilé olórí ìjọba lórí owó náà. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí Lumley dáwọ́ lé ló yọrí sí rere: afárá ọlọ́gbà tí ó fẹ́ kí wọ́n kọ́ sórí odò Thames, ọdún 2017 ni wọ́n pa á tì, lẹ́yìn tí owó ìlú tó lé ní mílíọ̀nù 40 pọ́n-ùn ti bá a lọ. N kò sọ èyí láti fi bu iyì rẹ̀ kù. Nígbà tí ó lọ sí Kathmandu ní oṣù Keje ọdún 2009, àwọn ènìyàn kún pápákọ̀ òfurufú fọ́fọ́, wọ́n fi òdòdó bò ó lọ́rùn, wọ́n ń pè é ní ọmọbìnrin Nepal. Ìfẹ́ yẹn tọ́ sí i.

Ìyá Ẹniọlá padà wá:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo padà lọ lánàá, mo sì fi àwòrán Tul Bahadur Pun hàn wọ́n lórí fóònù mi. Bàbá tí mo máa ń rí tí wọ́n ń fi ọ̀pá rìn gbé ọ̀pá náà ti àga, wọ́n na ẹ̀yìn gbọnrangandan, wọ́n sì kí àwòrán náà kíkí sójà. Mo wá sọ fún wọn pé àbúrò ìyá ìyá mi lọ sí Bọ́mà, kò sì padà. Wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, mo sọ ọ́, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì títí ó fi yọ dáadáa lẹ́nu wọn. Ìyàwó wọn ti dìde lórí àìsàn. Àwo tí mo fi bu ìrẹsì lọ ni wọ́n kó momo, oúnjẹ Nepal tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé ẹran, kún, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún àwọn ọmọ.