Ẹ̀yin tẹ́sítà, báwo lẹ ṣe ń bá àwọn developer yín ṣe é?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Áàpù ìsanwó ni mò ń yẹ̀ wò níbi iṣẹ́ ní Yábàá. Bí mo bá kọ àléébù kan sínú Jira, ibi tí a ń kọ àléébù áàpù sí, tòun ti àwòrán ojú fóònù, developer tó kọ áàpù náà á ní "ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi," á sì pa á dé. Fóònù Android olówó pọ́ọ́kú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já lórí ẹ̀ ni oníbàárà wa ń lò o! Tó bá wá yọ owó ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì, èmi ni ọ̀gá ń bi pé, "Ṣé o ò rí i ni?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ tí kò ní dìjà? Ṣé ìwé ẹ̀rí tẹ́sítà ìpele àkọ́kọ́ ti ISTQB, èyí tó ní ìdánwò onííbéèrè 40 yẹn, máa ń jẹ́ kí wọ́n ka èèyàn sí, àbí kí n kúkú lọ kọ́ Playwright, irinṣẹ́ tó ń bá èèyàn yẹ ojú ewé wẹ́ẹ̀bù wò fúnra ẹ̀?