Èsì: Orúkọ wo ló yẹ ìgbẹ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ò dé?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ará wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé fún àwọn oníbàárà níbí ní Ìbàdàn béèrè ohun tí à bá pe ìgbẹ́jọ́ tí olùpẹjọ́ ò ní í lọ sí kọ́ọ̀tù, tó jẹ́ pé láti orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ni yóò ti bá adájọ́ sọ̀rọ̀. Orúkọ mẹ́rin lẹ ti dá: ìgbẹ́jọ́ aláìsíníbẹ̀, ìgbẹ́jọ́ láìfojúkojú, ìgbẹ́jọ́ orí afẹ́fẹ́, kọ́ọ̀tù orí Súùmù (Zoom, ètò tí a fi ń ṣe ìpàdé lórí fídíò). N ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí "kò sí níbẹ̀" jẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń jẹun nídìí ẹjọ́. Ẹ lọ jókòó ní kọ́ọ̀tù Ìyágankú láàárọ̀, tàbí ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ Mápó, ẹ ó gbọ́ bí akọ̀wé kọ́ọ̀tù ṣe ń pe orúkọ. Bí wọ́n bá pe olùpẹjọ́ tí kò dáhùn, adájọ́ lè fagi lé ẹjọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ olùjẹ́jọ́ ni, tí ìwé ìpè sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ìdájọ́ lè jáde lẹ́yìn rẹ̀. Àìsíníbẹ̀ ní kọ́ọ̀tù, ọ̀rọ̀ tó lóró ni. Ẹ wá fojú inú wo ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà, tí fíríìjì tó rà kọṣẹ́ láìpẹ́ ọjọ́, tó pẹjọ́, tí wọ́n fún un níwèé tí a kọ "ìgbẹ́jọ́ aláìsíníbẹ̀" sí lórí. Kí ni yóò kà níbẹ̀? Yóò kà á pé wọ́n ní kóun má yọra òun lẹ́nu, pé wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́yìn òun. Yóò pa fóònù, yóò gba ọjà lọ. Bẹ́ẹ̀ ohun tí kọ́ọ̀tù ń retí ni pé kó wà níbẹ̀: kí ojú rẹ̀ hàn, kí ohùn rẹ̀ dún, kó jẹ́ "mo wà níhìn-ín, sà" nígbà tí wọ́n bá pè é.

Ohun kan náà ló ń ṣe "láìfojúkojú". Àwa la máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú sì ni fídíò gbé wá fún adájọ́, ó tiẹ̀ lè sún mọ́ ọn ju ti ẹni tó jókòó sẹ́yìn kọ́ọ̀tù lọ. Ẹsẹ̀ ni kò dé. Ojú dé.

Ní ti "orí afẹ́fẹ́", ó yà mí lẹ́nu pé láti Ìbàdàn ni àbá náà ti wá. Ìlú yìí kan náà la ti pe àpótí Rediffusion, rédíò àtijọ́ tó ń gba inú wáyà wọlé, ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kò gbèsì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Agodi lọ́jọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, amóhùnmáwòrán lorúkọ tó dúró. Àwọn tó dá orúkọ méjèèjì wo iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe kí wọ́n tó lanu. Orí afẹ́fẹ́, ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni: ó ń wí, a ń gbọ́. Ìgbẹ́jọ́ ò lè rí bẹ́ẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni, abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kò sì kúrò lórí ìyẹn. Èsì ni ìgbẹ́jọ́. Ẹ má fi orúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì pè é.

Ọ̀kan nínú yín ní "orí afẹ́fẹ́" dára nítorí pé abala 36 yìí náà ló ní gbangba ni ká ti máa gbọ́ ẹjọ́. Òótọ́ ni, àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ ní 2020 náà nìyẹn, nígbà tí Kòrónà ti ilẹ̀kùn kọ́ọ̀tù pa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga kan ní Èkó dájọ́ ikú fún ẹnìkan lórí Zoom, ariwo sì ta. (Èmi ò fẹ́ kí irú ìyẹn jẹ́ àpẹẹrẹ nínú ìwé fíríìjì.) Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tó sọ lọ́jọ́ 14, oṣù Keje, pé títí di àkókò yẹn irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kò lòdì sí òfin. Kò di dandan kí orúkọ tún máa gbèjà ohun tí kọ́ọ̀tù ti sọ.

"Orí Súùmù" ni ará ìlú ń sọ, mo gbà. Àwa náà la sọ gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun di Omo. Ṣùgbọ́n bí kọ́ọ̀tù bá gba ẹ̀rọ mìíràn lọ́la, ìwé yín ti purọ́ nìyẹn.

Ohun tí mo rí ni pé a ti ní ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, a ò kàn kíyè sí i ni. Kí ni àwọn oníròyìn ń sọ bí èèyàn bá lọ sí kọ́ọ̀tù? Ó yọjú. Bí kò bá lọ ńkọ́? Kò yọjú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn síbẹ̀: yíyọjú látòkèèrè ni ti oníbàárà, ìgbẹ́jọ́ látòkèèrè ni ti kọ́ọ̀tù. Òfin ilẹ̀ mìíràn pàápàá tì mí lẹ́yìn. Òfin oníbàárà ilẹ̀ Íńdíà ti 2019, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Keje 2020, ní ìwé ìbúra àti ìwé ẹ̀rí ni ìgbìmọ̀ yóò fi gbọ́ ẹjọ́, àyàfi bí ẹnìkan bá tọrọ kí wọ́n gbọ́ òun lójúkojú tàbí lórí fídíò, tí ìgbìmọ̀ sì rí ìdí tó tó láti gbà fún un. Ẹ rí i pé ẹgbẹ́ ara wọn ni òfin to méjèèjì sí. Kò pe ti fídíò ní àìwá.

Bàbá wa tó kọ̀wé láti Àkúrẹ́ ní òkèèrè, ìlú òyìnbó ni, pé láti Mọ́níyà sí Ìyágankú kì í ṣe òkèèrè. Ẹ forí jì mí, sà. Òkèèrè lolójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun, kò sì wọ bàálù. Òwe yẹn tiẹ̀ bá iṣẹ́ náà mu: ẹni tó fẹ́ yọjú látòkèèrè gbọ́dọ̀ ti fi rìsíìtì, fọ́tò fíríìjì àti àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ṣáájú, torí pé lọ́jọ́ náà kò sí tábìlì tí yóò kó wọn lé. Kó sì ti gba iná sí fóònù, ẹ mọ Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ẹnikẹ́ni ò bi ara wa: "oníbàárà" fúnra rẹ̀. Ní Bódìjà, ẹni tó ń tà ń pè mí ní oníbàárà rẹ̀, èmi náà ń pè é ní kọ́sítọ́mà mi. Ta ló wá pẹjọ́ nínú àwa méjèèjì? Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà tiwa, ti 2018, là á yékéyéké: ẹni tó rajà láìṣe pé ó fẹ́ tún un tà, tàbí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tó ra gaàrí lápò láti máa wọ̀n ọ́n ní kóńgò kò sí níbẹ̀. N ò ní ká yọ oníbàárà kúrò, rédíò ti fi í mọ́ wa létí. Ẹ kàn ṣàlàyé rẹ̀ níbi tó bá ti kọ́kọ́ jáde.

Ìlà tí mo dábàá fún ojú ìwé àkọ́kọ́ rèé: "Bí o kò bá lè dé kọ́ọ̀tù, o lè tọrọ àyè láti yọjú látòkèèrè. Bí wọ́n bá pè ọ́ tí o kò yọjú, àìwá ni wọ́n á kà á sí."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ dáadáa, ẹ bá mi dá sí ìbéèrè kan. Ẹni tó fẹ́ fi irin búra, tí irin wà lọ́wọ́ rẹ̀ nílé, tí adájọ́ ń wò ó lórí fídíò, ṣé "fi irin búra" náà la ó kọ, àbí ó di dandan kí irin jẹ́ ti kọ́ọ̀tù?