Inspẹ́kítọ̀ tó máa yẹ ilé wò ká tó rà á ń bọ̀ ní Sátidé, kí ni ká máa wò?

Ẹ káalẹ́ ẹ̀yin ará. Èmi àti bàálé mi fẹ́ ra ilé ní Houston níbí, 1974 ni wọ́n kọ́ ọ, ẹni tó ń tà á ti gba iye tá a pè, ọjọ́ 7 péré ni option period tá a ní, ìyẹn àsìkò tá a lè fi yẹ ilé wò, ká sì yẹra tá ò bá fẹ́ ẹ mọ́. Bàálé mi ní ká jẹ́ kí inspẹ́kítọ̀ ṣe iṣẹ́ ẹ̀ kó fi ripọ́ọ̀tù ránṣẹ́, èmi ò gbà, owó tá a ti ń tu jọ látọjọ́ yìí! Kí ni wọ́n ń yẹ̀ wò gan-an? Ògiri sán díẹ̀ lókè ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ejẹ́ńtì ní kò tó nǹkan.

Ìyá Ìbejì: Ẹ lọ o! Ọjọ́ tiwa mo tẹ̀ lé e bí òjìji, ó gun òrùlé, ó tan tọ́ọ̀ṣì wọ àjà, ó ki nǹkan kékeré kan bọ gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bóyá omi á fà. Abẹ́ síńkì ló ti ní kí n wá fọwọ́ kan pákó, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, wọ́n sì ti kùn ún lọ́dà funfun báláú.

Bàbá Tómi: Ṣé sísán yẹn dúró gbọọrọ ni àbí ó dagun láti igun ilẹ̀kùn? Tó bá dagun, tí ilẹ̀kùn tún ń ha ilẹ̀, ìpìlẹ̀ lẹ máa wò yẹn. Ilẹ̀ amọ̀ ló pọ̀ ní Houston, tójò bá rọ̀ á wú, tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé á sún kì, kọnkéré tó wà lórí ẹ̀ á máa bá a lọ bá a bọ̀. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù kékeré táwọn ọmọdé fi ń ṣeré sílẹ̀ ní pálọ̀, tó bá ń yí lọ fúnra ẹ̀, ẹ pe structural engineer, ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ìpìlẹ̀ àti ògiri ilé, inspẹ́kítọ̀ kì í ṣe ẹnjiníà. Ẹ ṣì lè yẹra láàárín ọjọ́ 7 yẹn, option fee, ìyẹn owó tẹ́ ẹ san fún ọjọ́ 7 ọ̀hún, àti owó àyẹ̀wò ló máa lọ sí i. Ògiri tó lanu, aláǹgbá ló kù 😂

Ọmọ Ẹ̀gbá: Páìpù ìdọ̀tí ńkọ́? Nílé ọjọ́ yẹn ó lè jẹ́ irin, inú ló ti ń dípẹtà, inspẹ́kítọ̀ ò sì rí abẹ́ kọnkéré. Ẹ sanwó lọ́tọ̀ fún plọ́ńbà kó ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́. Àwa ṣahun, ọjọ́ ìkómọ tí àlejò kún ilé ni omi ṣáláńgá rú jáde nínú báàfù. Ẹ tún bi wọ́n bóyá omi wọlé nígbà ìjì Harvey 2017. Ti ikán, àyẹ̀wò ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Bàbá Tómi, ó dagun o, igun ilẹ̀kùn gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Bàálé mi ti kà á, ó ń tú àpótí ọmọ wa wá bọ́ọ̀lù.