Àwọ̀ òdòdó ìgbéyàwó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀, ẹ gbà mí o

Ìyàwó Ọ̀ṣìngín:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbéyàwó mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Àjàṣẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ òdòdó sì ti sú mi. Ìyá ọkọ mi ní pupa bíi bissap, omi ìṣápá pupa tí à ń mu, làwọn fẹ́, torí aṣọ ẹbí tiwọn nìyẹn. Màmá mi ní búlùú ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí wọn ò dá kọ́bọ̀ tún ní wúrà. Gbogbo wọn ló ń pè mí lóru! Àtọwọ́dá ni mo fẹ́ lò, òdòdó gidi á rọ nínú ooru yìí. Àwọ̀ wo ni kí n mú? Ẹ má ní kí n bi ọkọ mi, kò dá sí i.

Ìyá Ìbejì Wàndó:
Àbúrò, o ròyìn gbogbo àna rẹ tán, o ò sọ àwọ̀ aṣọ ìyàwó. Bó bá ṣe funfun bíi wàrà, má gbé òdòdó funfun báláú sún mọ́ ọn. Aṣọ á dà bí èyí tó dọ̀tí nínú fọ́tò.

Oníṣẹ́-Ọ̀ṣọ́ Kétu:
Òótọ́ ni. Má sì pín àwọ̀ dọ́gba fún ìdílé méjèèjì, ìyẹn á jọ àsíá. Nínú òdòdó 10, kí 6 bá aṣọ ìyàwó mu, kí 3 jẹ́ àwọ̀ kejì, kí 1 péré máa tàn. Òdòdó 7 tó tábìlì kan. 20 sí 24 rósì ni ìyàwó ń mú dání. Ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí páálí tó bá dé lẹ́yìn lè pọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, àwọn kan á já lórí wáyà.

Ìyàwó Ọ̀ṣìngín:
Bíi wàrà ni. Ṣùgbọ́n mo ti ra rósì pupa páálí méjì, ti fóòmù. Ó wù mí ni o, kì í ṣe pé mo gbè sẹ́yìn ìyá ọkọ.

Ìyá Ìbejì Wàndó:
Fóòmù kẹ̀! Oòrùn inú ọkọ̀ á sọ ọ́ di jákujàku, gọ́ọ̀mù gbígbóná á dá ihò sí i. Wáyà ni kó o fi dì í, ẹ̀mú ni kó o fi gé wáyà, má ba àlùmọ́gàjí jẹ́. Òdòdó aláṣọ ló dáa. Fi aṣọ funfun tútù nù ún kó o tó sanwó: bí aró bá yọ, gbé e sílẹ̀. Ọwọ́ ìyàwó ń làágùn.

Oníṣẹ́-Ọ̀ṣọ́ Kétu:
Ìyá Ìbejì, ẹ rọra. Etí fóòmù kì í tú, ti aláṣọ ló ń tú. Ewé oníke tó ń dán ni kó sá fún, iná kámẹ́rà á máa kọ yẹ̀rì lára rẹ̀. Àbúrò, ọ̀sán ni àbí alẹ́? Inú ilé ni àbí ìta?

Ìyàwó Ọ̀ṣìngín:
Ọ̀sán, nínú àgbàlá, lábẹ́ àtíbàbà búlùú. Bùrọ̀dá mi ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni, n ò lè kọ̀ ọ́.

Oníṣẹ́-Ọ̀ṣọ́ Kétu:
Háà! Èyí ló yẹ kó o kọ́kọ́ sọ. Oòrùn tó bá gba inú búlùú kọjá, ìmọ́lẹ̀ búlùú ló ń dà sílẹ̀. Pupa bissap á dúdú, wúrà á dà bí eérú, ojú àlejò gan-an á rí bí ojú aláìsàn.

Ìyá Ìbejì Wàndó:
Kó fi aṣọ funfun tẹ́ inú rẹ̀.

Oníṣẹ́-Ọ̀ṣọ́ Kétu:
Rárá o, aṣọ funfun náà á di búlùú. Kí àlejò jókòó sábẹ́ búlùú, kó wá yá àtíbàbà funfun kékeré fún ìjókòó ọkọ àti ìyàwó. Bí kò bá rí i, kó gbé ìjókòó náà sí etí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ìta ti ń wọlé.

Ìyàwó Ọ̀ṣìngín:
Ìyá ọkọ mi ò ní gbà pé pupa á dúdú.

Oníṣẹ́-Ọ̀ṣọ́ Kétu:
Ẹ jọ mú rósì kan lọ sábẹ́ àtíbàbà búlùú náà ní agogo méjìlá ọ̀sán, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ìyàwó Ọ̀ṣìngín:
Bùrọ̀dá ní àwọn á bá mi wá àtíbàbà funfun. Páálí pupa mi ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Wàndó:
Abẹ́ funfun nìkan ni kó o lò ó sí, 3 nínú 10. Bó bá jẹ́ yàrá onípáànù tó ń gbóná lo kó o sí, gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí.