Báwo ni ohùn tí a gbà nínú yàrá ṣe lè dún bí ohùn inú igbó?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ohùn fíìmù, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin ni a ń fi owó ara wa ya fíìmù kan nínú igbó létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, nípa ọmọ-ogun kan tí oorun kò kùn mọ́ láti ìgbà tí ó ti ti ojú ogun dé, àti opó kan tí ọmọ rẹ̀ bómi lọ, tí àwọn méjèèjì ṣìnà sínú igbó náà.

Ìran tí opó náà ti kọ́kọ́ dárúkọ ọmọ rẹ̀, òru ni a yà á. Kọ̀ǹkọ̀ àti ìrẹ̀ kò sì gba ẹ̀bẹ̀: igbe wọn ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè so àwòrán kan mọ́ èkejì kí etí má fura. A fi máíkì kékeré sábẹ́ aṣọ, ṣùgbọ́n aṣọ ń ha á. A tún ọ̀rọ̀ náà gbà nínú yàrá tí a ta aṣọ sí yíká. Ó mọ́ kedere, àmọ́ kò dún bí ẹni tí ó wà lábẹ́ igi.

Mo ní ìró igbó náà lásán fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣé kí n tẹ́ ẹ sábẹ́ ohùn inú yàrá ni, àbí kí n kó àwọn òṣèré padà sí ìta gbangba lọ́sàn-án láti tún un sọ? Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, kí ni mo máa ṣe sí ohùn náà tí kò fi ní dà bí ohun tí a lẹ̀ mọ́ àwòrán?