Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àárẹ̀ àti òtútù tí mo béèrè: a ti rí ìdí rẹ̀

Ẹ kú àdúrótì mi. Mo béèrè lóṣù 3 sẹ́yìn pé kí ló ń fa àárẹ̀ tí oorun kò wò, tí mo fi ń wọ súwẹ́tà l'Adó-Èkìtì nínú ooru oṣù Kẹta. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n lọ yẹ táírọ́ìdì wò, ẹ ṣeun gan-an ni. Àìsàn Hashimoto ni. Àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń bá táírọ́ìdì yìí, ohun tó rí bíi labalábá níwájú ọrùn, jà.

Ohùn tó ń ha, irun tó ń já sínú kóòmù, ìgbẹ́ tó ń le, nǹkan oṣù tó ń ya bí omi: n kò mọ̀ pé ìyá kan náà ló bí wọn. Wọ́n ní iyán ló ń mú mi sanra. Iyán kò mọwọ́mẹsẹ̀! Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, ibà ni wọ́n ń tọ́jú fún odidi ọdún kan láì fa ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò TSH, ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga bí táírọ́ìdì kò bá ṣiṣẹ́ tó. Ó ṣì ń dùn mí.

Levothyroxine, oògùn tó ń rọ́pò ohun tí táírọ́ìdì kò ṣe tó mọ́, ni mo ń lò ní ìdájí, omi nìkan, wákàtí kan kí n tó jẹun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ mi (èyí tó ní irin) di alẹ́, torí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn tó wákàtí 4.

Àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ 6 fi hàn pé TSH ti ń wálẹ̀. Lánàá, mo fẹsẹ̀ rìn láti Òkèṣà dé Ìjìgbò, n kò dúró sinmi. Mo ti ìbéèrè mi pa níbí.